Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ jọ́kì ní Newmarket, oúnjẹ ló dájà sílẹ̀ láàárín wa

Ìyá Oníẹṣin, South London

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará. Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá Yorùbá kankan wà níbí tí ọmọ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jọ́kì, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń gun ẹṣin nínú eré ìje. Ó wà o. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ mo wá ẹni tí mo lè bi léèrè títí, mi ò rí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, ẹ má bínú pé ó máa gùn.

Àbíkẹ́yìn mi ni, obìnrin, ó ti lé lọ́mọ ọdún 18 báyìí. Ọmọ ọdún 10 ló wà tó kọ́kọ́ lọ sí Ebony Horse Club ní Brixton. Ilé ẹṣin ni, àárín estate, àwọn ilé ìjọba, gan-an ló wà, 1996 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára àtisanwó ẹṣin gígùn. Mo rò pé eré ọmọdé ni, pé á sú u. Kò sú u. Nígbà tó di 2019, ọmọ Peckham kan tóun náà ń lọ sí Ebony, Khadijah Mellah, ọmọ ọdún 18, wé híjáàbù sábẹ́ akoto, ó gun ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Haverland, ó sì gba ipò kìíní nínú Magnolia Cup, ìdíje ẹṣin àwọn obìnrin, ní pápá Goodwood. Ọdún yẹn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ẹṣin eré ìje fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ o! Ọmọ mi wo fídíò yẹn títí dátà mi fi tán. Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn."

Bàbá ẹ̀ ní ṣé ẹṣin la wá gùn nílùú ọba ni. Èmi, nọ́ọ̀sì ni mo ti fọkàn sí. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni màmá mi ní Ọ̀yọ́, mo pè wọ́n kí wọ́n lè bá mi bá a wí, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin ilẹ̀ ló ń bọ̀, kó ṣáà kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kì í lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Bó ṣe ṣe GCSE, ìdánwò girama ibí, tán ló wọ British Racing School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹṣin eré ìje, ní Newmarket. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ rò pé ọmọ olówó nìkan ló wà fún, kóòsì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ọ̀fẹ́ ni, inú ọgbà lọmọ á máa sùn. Irú ẹ̀ kejì wà lápá Doncaster, National Horseracing College. Fún àwọn tó ṣì kéré, Riding A Dream Academy wà, 2021 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ohun tí Khadijah ṣe, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18 ni wọ́n ń mú.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé wọ́n á gbé ọmọ gorí ẹṣin lọ́jọ́ kìíní kó máa sáré lọ. Ìgbẹ́ ẹṣin ni tèmi kọ́kọ́ kó. Ìdájí ni wọ́n ń jí, wọ́n á kó ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á da koríko gbígbẹ tuntun sílẹ̀, wọ́n á bu omi, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ẹṣin, wọ́n á yẹ pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀ wò ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gàárì. Lọ́sẹ̀ kìíní ó pè mí ní fídíò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sójú fóònù, ìléròrò mẹ́ta tò sábẹ́ ìka, ọ̀kan ti bẹ́, inú ẹ̀ pọ́n bí ata, igi fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Òun ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń nu ojú.

Ìgbà tí wọ́n wá máa kọ́ ọ bí jọ́kì ṣe ń jókòó, orí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí ẹṣin ló ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Kì í tiẹ̀ ṣe ìjókòó. Ìdí ò gbọdọ̀ kan gàárì, irin tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ti ká sókè débi pé orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ẹ̀yìn á tẹ́ bíi tábìlì, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ fa ẹnu ẹṣin. Ẹ dá a wò ní pálọ̀ yín fún ìṣẹ́jú kan péré. Mo dá a wò, mi ò tíì ka ogójì tí itan mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹṣin tó sì máa gùn gan-an á tó 500 kilo, ó ń sáré ju mọ́tò tó wà ní títì àdúgbò lọ.

Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan nígbà òtútù. Ìlú yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ wò ó. Ẹṣin tó wà níbẹ̀ ń lọ bí 3,000, mọ́tò ló ń dúró kí ẹṣin kọjá. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ Warren Hill, òkè tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹṣin, láàárọ̀ kùtù, èéfín ń jáde nímú àwọn ẹṣin, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọmọ mi wà lórí èyí tó ṣìkẹta, ẹṣin kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ó ń bẹ̀rù, ó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fẹ́ gun òkè yẹn, àfìgbà tí àgbà ẹṣin tó ṣáájú bẹ́ sí eré ni òun náà gbára dì tó tẹ̀ lé e. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni mo tó fojú ara mi rí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn kóòsì, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ tíréènà kan, ẹni tó ń kọ́ ẹṣin fún ìdíje, mi ò ní dárúkọ. Nígbà tó wálé fún Kérésì mo ti se àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran oríṣiríṣi, èyí tó ń jẹ láti kékeré. Ó bu òkèlè kan, ó fi ń ra ọbẹ̀ títí ó fi tutù. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ti yó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wọnú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo gbọ́ omi ní bálùwẹ̀, ó ń ṣàn, kò dúró. Mo kanlẹ̀kùn, kò dáhùn, mo wọlé. Ó jókòó sínú omi gbígbóná tó ń yọ èéfín, ó wọ aṣọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń làágùn, ètè ẹ̀ ti bó, ojú ẹ̀ ò dúró sójú kan. Mo fa ọmọ mi jáde bí ẹni fa ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ yẹn ló sọ fún un pé tó bá lè já sí kilo 50, òun á bá a wá ẹṣin tó máa gùn nínú ìdíje. Kilo 56 lọmọ yẹn wà o, gbogbo ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣan. Fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Flat, tí ẹṣin ò ti ń fo nǹkan kan, ìwọ̀n tó kéré jù lé díẹ̀ ní kilo 51, aṣọ àti bàtà àti gàárì wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé òfin ló burú, kò kàn sí ẹni tó jókòó tì í kó bi í pé irú ara wo ni Ọlọ́run fún ọ.

Èmi náà ò ṣe é dáadáa. Mo pariwo, mo ní kó padà wálé, mo ní iṣẹ́ ikú ni. Ó kó ẹrù ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ méjì kò gbé fóònù mi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ pé bá a ṣe ń fi ìfẹ́ hàn ni ká bu oúnjẹ fọ́mọ. Tọ́mọ bá ti kọ oúnjẹ mi, ṣe ló máa ń dà bíi pé èmi ló kọ̀.

Ẹni tó kọ́ ọ níléèwé níjọ́sí ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n fi í lé onímọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n wọn ọ̀rá ara ẹ̀, wọ́n ní egungun ẹ̀ ò ní gbà fún 50, tó bá fi dandan lé e, á máa ṣẹ́ bí igi. Àwọn ará Liverpool John Moores University ti ṣèwádìí lórí ara àwọn jọ́kì, ohun tí wọ́n rí ni pé jíjẹ díẹ̀díẹ̀ léraléra, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ó ń dín ìwọ̀n kù ju ká febi pa ara ẹni ká sì máa làágùn lọ. Sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń làágùn, tó wà ní àwọn pápá ìdíje Britain pàápàá, wọ́n tì í nígbà kòrónà, 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn ò ní ṣí i mọ́. Wọ́n wá ní kó lọ sápá ìdíje tí ẹṣin ti ń fo ọgbà, ìwọ̀n tibẹ̀ kì í wá sísàlẹ̀ kilo 63. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Ibi tó wà báyìí, wọ́n ń kọ́ ọ, ó ń múra láti gba láíséǹsì ẹ̀.

Èmi náà kọ́ tèmi. Mo se mọ́ínmọ́ín tí epo ẹ̀ ò pọ̀, mo fi ẹja sí i, mo gbé e sínú kúlà, mo wọ tíréènì lọ sí Newmarket. Onímọ̀ oúnjẹ yẹn jẹ ọ̀kan, ó ní kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní ẹ̀wà ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi jẹ méjì níwájú mi. Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Yorkshire

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo ka ibi bálùwẹ̀ yẹn, mo gbé fóònù kalẹ̀ ná. Èmi náà ti jókòó nínú irú omi yẹn, kò sí ìyá kankan tó kanlẹ̀kùn.

Doncaster ni mo ti kọ́ṣẹ́ tèmi, Flat ni mo gbà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí máa ya àwọn ọmọ ní wèrè. Kò sí tíréènà tó máa déédéé gbé ẹṣin fún ọmọ tí ò tíì borí rí. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbé e fún wa ni claim. Ìwọ̀n tó bá yẹ kí ẹṣin gbé, tó bá jẹ́ apúrẹ́ńtíìsì, ìyẹn jọ́kì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ló gùn ún, wọ́n á yọ pound 7 (bíi kilo 3) kúrò, tó bá borí nígbà 20 ó di 5, tó bá pé 50 ó di 3, tó bá dé 95 kò sí mọ́, ìwọ àti àwọn àgbà ti di ẹgbẹ́. Torí náà ìfúyẹ́ lọjà tí ọmọ tuntun ń tà. Ẹni tí ò bá fúyẹ́ tó, claim ẹ̀ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Mo borí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, mi ò ní gbàgbé ẹ̀, òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ bo ojú mi débi pé mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ṣíwájú, ìgbà tí mi ò gbọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin mìíràn mọ́ ni mo mọ̀. Ọdún kejì mo ṣubú, egungun èjìká mi dá. Mọ́tò áńbúláǹsì máa ń sá tẹ̀lé ẹṣin nínú gbogbo ìdíje níbí, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó mọ ibi tí mo wà. Jack Berry House ní Malton, ti Injured Jockeys Fund, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn jọ́kì tó fara pa lọ́wọ́, ni mo ti gba ìtọ́jú, àwọn èèyàn yẹn, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ìgbà tí mo fi máa padà, mo ti ga sí i, kilo 64, bàbá mi ga, kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn, mo tún un gùn o, àárọ̀ ni mo ń gùn ún báyìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ẹṣin tuntun fún tíréènà mi. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ wo gíga àwọn òbí yín kẹ́ ẹ tó yan Flat.

Bàbá Ìbejì, Louisville

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kentucky nibí, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń gun ẹṣin ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ kan níléèwé sọ fún un pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe jọ́kì, ó fi ìbànújẹ́ wálé. Mo bá a jókòó. Mo ní Kentucky Derby, ìdíje ẹṣin ńlá ibí, èyí àkọ́kọ́ ní 1875, jọ́kì 15 ló wà níbẹ̀, 13 ló jẹ́ dúdú, Oliver Lewis tó borí náà, dúdú ni. Nínú 28 àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn wa ló gba 15. Jimmy Winkfield ló gbà á kẹ́yìn ní 1902, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kèéta lé wọn kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ́.

Mo wá gbé e lọ sí Kentucky Horse Park ní Lexington, ibojì Isaac Murphy wà níbẹ̀, ẹni tó gba Derby lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ mi gbọ́wọ́ lé òkúta yẹn, kò sọ̀rọ̀. Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ n rántí, torí Murphy náà, ìwọ̀n ló bá a jà títí. Á sanra nígbà òtútù, á febi pa ara ẹ̀ kí ìdíje tó dé, ọdọọdún. 1896 ló kú, kò tíì pé 40 ọdún. Lálẹ́ òní ni màá ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí fún ọmọ mi.

Ìyá Oníẹṣin, South London

Ẹ ṣé púpọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lẹ́, mo ní kí n sọ fún ẹ pé tó o bá wọ London, ilé wà. Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọmọ yín, ẹ ní kó máa jẹun.

Ẹni tó béèrè bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà mí: ó ń bà mí. Ọ̀la ló máa kọ́kọ́ fo ọgbà ńlá níwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè mí láàárọ̀ yìí, mi ò bi í ní kilo mélòó, mo bi í pé kí lo jẹ. Ó ní ẹyin méjì àti mọ́ínmọ́ín, ó ní mọ́ínmọ́ín ti tán. Mo ti rẹ ẹ̀wà.