Ọyẹ́ ti dé: kí la fẹ́ ṣe sí nẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtọ́jú ilé. Nínú ilé ọlọ́mọ púpọ̀ n'Ílọrin níbí, yàrá àwọn ọmọ kọ́ ló le jù. Apẹ̀rẹ̀ 2, ọ̀kan fún aṣọ ìdọ̀tí, ọ̀kan fún ohun ìṣeré, ó tán. Ilé ìdáná ni iṣẹ́ wà, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Èéfín epo gbígbóná a máa gòkè, á bà sára fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á máa fà bí oje igi. Aṣọ gbígbẹ ò kó o, omi tútù ò yọ ọ́. Ohun tó ń yọ ọ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù ni omi gbígbóná lítà 2 pẹ̀lú ọṣẹ dúdú ṣíbí 2. Ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó nù ún.

Nẹ́ẹ̀tì gan-an ni ìbéèrè mi. Bí èèyàn bá fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á ya, ẹ̀fọn á wọlé. Bí a bá sì ti fèrèsé pa nítorí eruku, èéfín ò ríbi gbà jáde. Ṣé kí káfíńtà kàn án mọ́ férémù tó ṣeé yọ ni? Irú nẹ́ẹ̀tì wo ló lè fara da fífọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ẹ dákun, ẹ tún bá mi dá sí ti èlùbọ́. Àpò tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin, á sì bu; ike onídèérí lórí pákó ló dáa. Níbo lẹ ń gbé e sí bí ilé ìdáná bá kéré?