Ẹ gbà mí o! Ṣé ilé Ìbàdàn wà lára ohun tí lọ́yà ń bèèrè?

Àkànkẹ́, Birmingham: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí a ń rà níbí. Àárọ̀ yìí ni lọ́yà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: ṣé mo ní ilé kankan níbikíbi láyé, ṣé ọkọ mi ní? Ọkọ mi ní ọ̀kan ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Ó ti dé òrùlé, kò tíì sí fèrèsé, kò sí iná. £250,000 ni ilé tibí. Ohun tí a ti ṣírò ni pé a ò ní san Stamp Duty, owó orí tí ẹni tó ń ra ilé ń san fún ìjọba, rárá, torí ìgbà àkọ́kọ́ wa nìyí. Kí ni kí n kọ?

Bàbá Ìbejì, Manchester: Àbúrò, kọ òótọ́. Ilé tó wà ní Nàìjíríà ń kà. Lọ́dún 2023 mo kọ ọ́ pé mi ò ní òmíràn, tẹ́náǹtì sì wà nínú búńgálò mi ní Ṣàgámù. Lẹ́tà àwọn agbowó-orí dé: ẹ san 3% tó kù, ìyẹn àfikún tí ẹni tó ti ní ilé mìíràn ń san, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, 3% yẹn ti di 5%. Lórí £250,000, owó tí ẹni tí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń san jẹ́ £2,500. Fi £12,500 kún un, ó di £15,000.

Àkànkẹ́, Birmingham: Yéè! Níbo la ti fẹ́ rí £15,000 kó tó di Ẹtì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ta ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Àkóbọ̀ lọ wo ilé tí kò ní fèrèsé? Kọ “rárá”, kí o gba kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Àǹtí Bísí, Leeds: Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, àwọn agbowó-orí lè padà sẹ́yìn tó 20 ọdún láti gba owó wọn. Ọwọ́ tìrẹ ló wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti lọ́yà. Ilé bàbá wa ló kó bá èmi. Orúkọ àwa mẹ́rin ló wà nínú ìwé rẹ̀, ìpín tèmi kò tó £40,000, nítorí náà wọn ò gba 5% lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá, torí ogún náà ń kà.

Títí, Coventry: Tí Àkànkẹ́ bá fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan rà á ńkọ́?

Àǹtí Bísí, Leeds: Tọkọtaya tó ń gbé pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kà wọ́n sí lórí 5% yẹn. Ilé ọkọ, ilé ìyàwó ni.

Àkànní, Croydon: Ilẹ̀ òfìfo kì í ṣe ilé, ìyẹn dájú. Ilé tó wà lẹ́nu kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀: òfin kà á mọ́ ibùgbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ibùgbé ta ni? Ti àdán?

Bàbá Ìbejì, Manchester: Àdán kì í san Stamp Duty. Àkànkẹ́ ni yóò san án.

Àkànkẹ́, Birmingham: Ó ti pẹ́ tí bíríkìlà ti kúrò níbẹ̀ o. Ṣé ó ṣì wà lẹ́nu kíkọ́ náà nìyẹn?

Àkànní, Croydon: Bi lọ́yà rẹ léèrè, kó fèsì sínú ìwé. Ohun tí o lè ṣe lónìí ni pé kí o wá ẹni tó ń díyelé ilé ní Ìbàdàn. Iye tí wọn yóò rà á bí wọ́n bá tà á báyìí ni kó kọ, kì í ṣe iye tí ẹ ná lé e. Bí kò bá tó £40,000, 5% kò kàn yín.

Ìyá Tolú, Glasgow: Ẹ máa dúpẹ́. 8% ni àfikún tiwa ní Scotland.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Kí lẹ wá lọ síbẹ̀ fún? Ẹ bọ̀ ní London, ilé ibí ń gbówó lórí.

Bàbá Ìbejì, Manchester: Bó bá tilẹ̀ ń gbówó lórí, kò mówó wọlé. Ilé £200,000 tó ń pa £1,100 owó rẹ́ǹtì lóṣù, £13,200 lọ́dún nìyẹn, 6.6%. Fi fúláàtì Peckham rẹ hàn wá, kí o fi service charge rẹ̀, owó ìtọ́jú ilé, sí i.

Àǹtí Bísí, Leeds: 6.6% kó o tó yọ owó agent, àtúnṣe, insurance, àti oṣù tí ilé fi ṣófo. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, èlé mọ́gééjì, owó tí a yá ra ilé, kò ṣe é yọ kúrò nínú owó ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí mọ́. 20% èlé náà nìkan ni wọ́n ń dín kù fún wa nínú owó orí. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni èrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ẹ̀yin Manchester, òjò yín ni kẹ́ ẹ gba owó lé lórí.

Ìyá Tolú, Glasgow: Ọ̀rọ̀ Àkóbọ̀ yìí mú kí àárò ilé sọ mí. Fídíò WhatsApp nìkan ni mo ti ń rí ilé tèmi ní Mọ́níyà. Bíríkìlà a gbé fóònù yípo, á wá fi ìka kan ògiri kó-kó-kó kí n lè gbọ́ pé ó le.

Àkànkẹ́, Birmingham: Tiwa náà máa ń kan ògiri! Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹni tó ń díyelé yẹn, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé?