Ṣé abẹ́rẹ́ etí lè ran ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé ní New York, fẹ́ jáwọ́ nínú heroin, ṣùgbọ́n ara ríro, ìlàágùn, èébì àti àìróorunsùn tó máa ń dé bí kò bá lò ó ń dẹ́rù bà á. Wọ́n sọ fún wa nípa abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń gún sí etí, èyí tí Dókítà Wen kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Hong Kong láàárín àwọn ọdún 1970 pé ó ń dín ìnira àwọn tó ń jáwọ́ nínú opium (oògùn olóró tí wọ́n fi ń ṣe heroin) kù, tí ilé ìwòsàn Lincoln ní Bronx, níbí ní New York, sì sọ di ìtọ́jú tí wọ́n ń gún sí ibi márùn-ún ní etí kọ̀ọ̀kan. Dókítà wa dábàá methadone, oògùn tí wọ́n máa ń lò dípò heroin lábẹ́ àbójútó dókítà, tí ẹ̀rí ìwádìí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lágbára ju ti abẹ́rẹ́ lọ, n kò sì fẹ́ kí àbúrò mi kọ̀ ọ́ rárá, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ yìí mú kí ó rí oorun sùn? Ṣé ẹ lo méjèèjì pọ̀, báwo ni ẹ sì ṣe mọ oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ?