Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iwin rí ní Òṣogbo, ẹ wá sọ tiyín

Àbíkẹ́ Ògo-Olúwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, mo ṣe iṣẹ́ kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kan ilé ẹ̀rù kan, ibi téèyàn ti ń sanwó wọlé kí wọ́n lè dẹ́rù bà á, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Gbọ̀ngán fún àwọn tó wá ṣe fàájì ọdún: pákó, tapólì dúdú, gílóòbù pupa mẹ́rin, ẹ̀rọ kan tó ń tu èéfín. Èmi ni ìyàwó tó kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sórí àga nínú òkùnkùn, nínú aṣọ ìyàwó òkìrìkà tí mo rẹ sínú omi tíì títí ó fi rí bí aṣọ inú ibojì, ẹfun lójú, tìróò yí ẹyinjú mi ká. Bí àwọn èèyàn bá wọlé, mi ò ní mira. Wọ́n á rò pé ère ni mí, wọ́n á kọjá. Ẹni tó kẹ́yìn á bojú wẹ̀yìn, nígbà yẹn ni màá dìde.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin kan wọlé, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fi í sílẹ̀. Ọmọ yìí ò sá. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ó na bisikíìtì tó ti jẹ dé ìdajì sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rúnrún ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fà á padà. Mo gbàgbé pé òkú ni mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo ní, "Ẹ ṣé o, ìyá mi." Mo wá mú un lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bisikíìtì yẹn wà lápò mi di òwúrọ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè sọ ọ́ nù.

Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ tiyín.

Táíwò Òkè-Fìà
Ọmọ yẹn nílé tó ti wá. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Tìẹ bisikíìtì ni, tèmi bàtà ni. Inú pósí ni wọ́n tẹ́ mi sí. Ọ̀gbẹ́ni kan wọlé pẹ̀lú ọmọge rẹ̀, àtẹnu ọ̀nà ló ti ń fọ́nnu pé kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba òun. Ó wá bẹ orí wo inú pósí. Mo dìde jókòó wùyà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó là á mọ́ mi níwájú orí. "Jéésù! Jéésù!" ló ń ké bó ṣe ń lù mí. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rán orí mi. Ọmọge rẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, torí ọ̀gbẹ́ni ti wábi gbà.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni ẹni tó gbà wá síṣẹ́ ń san lálẹ́. Ó yọ owó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jókòó sílé. Ìyẹn dùn mí ju bàtà lọ.

Ìyá Ìbejì
Ó yọ owó ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀? Háà! Kó tó yọ ọ́, kò tiẹ̀ bi ọ́ pé orí ńkọ́?

Kọ́lá Ayétòrò
Ojú mẹ́ta látinú bàtà? Mi ò tíì gbà o.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Bàtà onígì ni. Wá wo àpá, mo wà ní Ìgbọ̀nà.

Táíwò Òkè-Fìà
Ọmọge yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ìgbọ̀nà
A ṣì ń sọ̀rọ̀.

Kọ́lá Ayétòrò
Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ mi ò dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ara ló gba ara rẹ̀ là.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀rù ló bọ́ bàtà? Ẹni tó ráyè tú okùn bàtà ti ráyè ronú.

Dèjì ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Florida ni mo wà, ọdún kẹta rèé tí mo ń ṣe iwin ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà Halloween, ọdún tí wọ́n máa ń múra bí iwin. Iṣẹ́ ńlá ni lọ́dọ̀ wọn. Ọgbà eré Knott's Berry Farm ní California ti ń ṣe tiwọn láti 1973, ọgbà eré Universal ní Orlando bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Kí wọ́n tó kùn ẹ́ lójú, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ẹ ní ibi tó yẹ kó o dúró sí.

Àkọ́kọ́, a kì í fọwọ́ kan àlejò. Ìkejì, ẹ̀gbẹ́ ni kó o ti yọ sí wọn, má dí wọn lọ́nà níwájú. Tó o bá yọ níwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n máa sá sí, wọ́n á sì tẹ àwọn tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣe ni kó o lé wọn síwájú. Tó o bá ti dẹ́rù bà wọ́n tán, fà sẹ́yìn wéré, síbi tí ọwọ́ ò ti ní tó ẹ. Ọmọ Ìgbọ̀nà, ẹni tó gbé pósí síbi téèyàn ti lè bẹ orí wọ̀ ọ́ ló jẹ̀bi orí rẹ. Ẹni tó ń fọ́nnu, pa á tì. Obìnrin tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni kó o yọ sí. Òun á ké, igbe yẹn ló máa dẹ́rù ba ọ̀gá.

Ọ̀fun mi ya lọ́dún àkọ́kọ́, torí pé ọ̀fun ni mo fi ń pariwo dípò ikùn. Wọ́n wá fún mi ní agolo tí wọ́n kó irin wẹ́wẹ́ sí. Tó o bá mi agolo yẹn létí ẹni tí kò retí ẹ, ó ju igbe lọ. Àwọn kan tún wà tó ń de irin mọ́ orúnkún àti ọwọ́, wọ́n á sáré, wọ́n á fi orúnkún yọ̀ lórí kọnkéré, iná á máa ta pàrà-pàrà.

Oníná Stéṣọ̀n
Iná! Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí mo ti ka tapólì nìyẹn. Àbíkẹ́, ilẹ̀kùn mélòó ló wà nínú ilé yẹn? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ní New Jersey, ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1984, ilé ẹ̀rù kan jóná nínú ọgbà eré Six Flags. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló kú sínú rẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé nítorí òkùnkùn lèèyàn ṣe sanwó wọlé, tí igbe sì jẹ́ ara eré, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ tòótọ́? Iṣẹ́ mi ni wáyà. Ẹ dá mi lóhùn.

Àbíkẹ́ Ògo-Olúwa
Ẹ̀gbọ́n, méjì ni. Wọ́n fi wáyà de èkejì pa kí àwọn ọmọ má bàa gba ibẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn tapólì gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà, mo máa ń gbọ́ òórùn epo láti orí àga mi. Alẹ́ mẹ́sàn-án. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ara mi ò balẹ̀.

Oníná Stéṣọ̀n
Bí wọ́n bá tún pè ẹ́, pè mí kó o tó lọ. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Màá wá wò ó.

Alhaja Ọjà-Ọba
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń fi ikú ṣeré, ẹ tún ń wá ilẹ̀kùn. Èèyàn kì í wọ aṣọ òkú sọ́rùn kó ní eré ni. Kí la fẹ́ fi ẹ̀rù rà? Ẹ̀rù tó wà lọ́jà kò tó yín ni?

Táíwò Òkè-Fìà
Alhaja, ẹ̀rù ọjà kò ní ẹnu ọ̀nà àbájáde mà.

Kọ́lá Ayétòrò
Èmi rò pé kí wọ́n tiẹ̀ gbé e lọ sínú Igbó Ọ̀ṣun. Ère wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, àlejò òkèèrè náà ń wá síbẹ̀. Owó á wọlé.

Ìyá Ìbejì
Kọ́lá!

Dèjì ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Kọ́lá, rárá o. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó yẹn sínú ìwé ogún àgbáyé. Àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ síbẹ̀, ibi ìbọ ni wọ́n wà, wọn kì í ṣe ohun ìdẹ́rùbani. Ọmọ Austria ni obìnrin yẹn, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì wà nídìí iṣẹ́ yìí títí ó fi kú ní 2009. Wàá wá lọ de gílóòbù pupa mọ́ ọn?

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ á ti jí agolo rẹ kó o tó mì í.

Kọ́lá Ayétòrò
Mo gbọ́, mo gbọ́. Mo tọrọ gáfárà. Owó ni mo rò, mi ò rò ó síbẹ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ̀, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Alhaja, ẹ̀rù kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìtàn tí wọ́n fi kó wa dàgbà ni pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, gé igi, tí igi wó sódò, ohùn kan ló jáde látinú omi: "Òṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Wọn ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀. Inú ohùn yẹn ni orúkọ ìlú yìí ti wá.

Èmi náà ti dẹ́rù bani rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, kí ogun Bíáfíra tó bẹ̀rẹ̀. Eégún apidán ni ìdílé wa. A pa idán ọ̀ọ̀nì, a pa idán òjòlá. Inú aṣọ òjòlá ni èmi àti àbúrò mi wà. Nígbà tí a fa ara wa wọ agbo ní ọjà, àwọn ìyá ọlọ́jà dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹyẹ. Ìyá kan sá fi àpò owó rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. A yí i ká, a kọjá. Nígbà tó padà, kọ́bọ̀ ò dín.

Alhaja Ọjà-Ọba
Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ má tú awo fáwọn ọmọ yìí.

Bàbá Ọ̀jẹ̀, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Alhaja, mi ò tú awo. Ará ọ̀run ọ̀tọ̀, idán ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀kú bàbá rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé. Àmọ́ ti Ọ̀jẹ̀ apidán, eré ló jẹ́ fún aráyé láti ìgbà Ológbojò tí wọ́n ní ó dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni alárìnjó, àwọn òṣèré tó ń rìn káàkiri, ti ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tó dúró lágbo ló mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú òjòlá. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì sá. Ohun tí Àbíkẹ́ ṣe lórí àga yẹn, iṣẹ́ wa ni. Ọmọ mi, o ṣe é bó ṣe yẹ.

Àbíkẹ́ Ògo-Olúwa
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Nínú òjòlá yẹn, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ?

Bàbá Ọ̀jẹ̀, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
A kì í ríran. Ìlù ni. Àyàn tó ń lù fún wa á sọ fún wa pé ká yà sọ́tùn-ún, pé orí wa fẹ́ kan ìsọ̀. Bí ìlù bá dákẹ́, a ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìmira.

Àbíkẹ́ Ògo-Olúwa
Bí ọmọ kékeré bá wà níwájú tí kò sá ńkọ́, sà?

Bàbá Ọ̀jẹ̀, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Àyàn á lù ú fún wa: ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ń bẹ níbẹ̀. A ó sì gbé orí ejò gba ibòmíì.