Inú imú mi gbẹ, ó ń ta mí, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀: ẹ gbà mí o

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni imú mi kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá jí láàárọ̀, èépá á ti dì sí ihò ọ̀tún. Tí mo bá fi èékánná yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀lé e. Lánàá, mo tẹrí ba láti bọ́jú, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kán sínú omi, tó, tó, tó. Mo gbé orí sẹ́yìn kíá, ó gba ọ̀fun wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Híta kì í kú nínú yàrá mi lóru. Mo ra oògùn tí wọ́n máa ń fún sí imú tó bá dí, mo ti lò ó fún ọjọ́ 8, ńṣe ló ń le sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jìjàkadì, mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́. Oògùn yẹn ni kí o kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Kì í yẹ kó kọjá ọjọ́ 3, torí tó bá pẹ́ jù, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tìrẹ kò sì dí, ó gbẹ ni.

Híta ń dá kún un. Omi kì í pọ̀ nínú atẹ́gùn òtútù. Bí híta bá ti mú un gbóná, á máa wá omi kiri, inú imú rẹ ló sì ti ń rí i fà. Èmi dín tèmi kù lóru, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan kún èyí tí mò ń dà bora. Mo tún ra ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi bí ìkùukùu sínú yàrá. Mo máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin wà láàárín 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri á hu èébu. Da omi àná nù lójoojúmọ́, kí o sì máa fọ inú ẹ̀rọ náà. Mo jẹ́ kí tèmi yọ̀ nígbà kan, òórùn ló ta mí lólobó.

Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ló gbà mí. Èyí tí wọ́n ti pò sínú ìgò ní kẹ́míìsì ni mò ń fún sí ihò méjèèjì láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti kí n tó sùn. Èépá á rọ̀, á bọ́ fúnra rẹ̀. Má fi èékánná kàn án mọ́, mo bẹ̀ ọ́! Ibẹ̀ yẹn, lára ògiri tó pín imú sí méjì, ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti pàdé, awọ tó bò wọ́n sì fẹ́lẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán, ti ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ má gbé orí sẹ́yìn mọ́. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, ẹ fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nísàlẹ̀ imú pọ̀, kì í ṣe orí egungun. Ẹ máa fi ẹnu mí. Ẹ wo aago: ìṣẹ́jú 10 sí 15, láìtú u wò. Títú u wò yẹn ni kì í jẹ́ kó dá. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú 30, tàbí tó ń ya, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ. Bí imú bá wú, tó pọ́n, tó ń roni, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi omi iyọ̀ tí ẹ pò fúnra yín fọ imú, omi tó ti hó fún ìṣẹ́jú kan, tó sì ti tutù, ni kí ẹ lò. Ẹ má gbọn omi ẹ̀rọ lásán sí i láé. Kòkòrò kan wà tó lè gba imú dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani.

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ju oògùn yẹn nù. Vaseline ńkọ́, ṣé mo lè fi sí i?

Ìyá Ìbejì:
Fi díẹ̀ pa ẹnu ihò imú níta, ní ọ̀sán. Má tì í wọnú, má sì fi sùn lálaalẹ́, torí ó lè yọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá dalẹ́, bi wọ́n ní kẹ́míìsì bóyá wọ́n ní omi iyọ̀ tó ki bí ìpara. Òun ni mo fi ń sùn.