"Ìsọderé" kẹ̀? Èmi ò fara mọ́ ọn o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi.

Mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London gbé wá lánàá, pé "gamification", ìyẹn kí oníṣòwò máa fi ọgbọ́n inú géèmù di oníbàárà mú, ká máa pè é ní "ìsọderé". Èèyàn mẹ́ta ti pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi.

Wọ́n á ní ṣebí "ìsọdorúkọ" wà, "ìsọdọ̀tun" náà wà. Wọ́n wà, gírámà ẹ̀ ò níṣòro, ìtumọ̀ ẹ̀ ló níṣòro. Tí mo bá ní ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi deré, ṣé mò ń yìn yín ni? Ẹ tún wá yọ àmì ohùn kúrò bẹ́ ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, "isodere", eré ni àbí èrè àbí ère? Oníṣòwò á kà á sí èrè, pásítọ̀ á ní ẹ ti ń bọ̀rìṣà. Nick Pelling tó hun ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, "gamification", ní 2002 fúnra ẹ̀ sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó burẹ́wà ni, ṣé dandan ni ká jogún ẹ̀?

Ọmọ mi ń kọ́ Spanish lórí Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, 212 ọjọ́ láìfo ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá òru lù, ó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ ò tíì là tán, ó ní òun ò tíì ṣe tòní. Kì í ṣe Spanish ló jí i, ẹ̀rù pé òǹkà ọjọ́ òun á padà sí òdo ni. Eré nìyẹn?

Ìyá àgbà mi tó ta gààrí ní Ọjà Ọba n'Ìbàdàn mọ ọgbọ́n fífa oníbàárà yìí dáadáa. Tí wọ́n bá ti ka kóńgò tán, wọ́n á bu èènì sọ́wọ́, wọ́n á gbé ọwọ́ dúró lókè àpò, wọ́n á máa wojú ẹni tó ń rà. Ó lè jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó lè jẹ́ méjì, ẹnì kan ò mọ̀. "Ìyá, ẹ bù sí i!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wọ́n díẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń kọjá ọlọ́jà mẹ́rin tó ń ta gààrí kan náà torí ọwọ́ tó dúró lókè yẹn.

Ayò ni mo ní ká gbà wọ̀ ọ́: "ìfayòfà", ìyẹn fífi ọgbọ́n ayò fa èèyàn mọ́ra. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò 48, òpè tí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, bú lónìí ló máa kọ́kọ́ dé ìdí ọpọ́n lọ́la. Bẹ́ ẹ bá ní láìsí àmì á di ayọ̀, kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní èmi ò ka lìǹgúísíìkì, "oníbáárà" lẹ tẹ̀ dípò "oníbàárà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Alágbe nìyẹn. Ẹ lọ tún un tẹ̀ ná.