Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi ń lọ, ilé mi ni ò lọ mọ́

Olùbéèrè:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lòun fẹ́ fi mí ṣe kó kàn fò mí kọjá, torí inú mi ò dùn rárá bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣómólú ni mò ń gbé, iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, àwa tá a máa ń kọ kóòdù. Ọdún 2024 ti fẹ́ parí báyìí, mo jókòó mo ro gbogbo ohun tójú mi rí nínú ẹ̀, ó sú mi.

Oṣù kìíní ni iléeṣẹ́ kan ní San Francisco gbà mí síṣẹ́, inú ilé ni mo ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀, wákàtí mẹ́sàn-án la fi ṣíwájú wọn, tó bá di oṣù kẹta wọ́n á yí aago wọn, á di mẹ́jọ, tó bá tún di oṣù kọkànlá wọ́n á dá a padà. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, àwa ti ń dáná alẹ́. Ìgbà yẹn ni míìtìn tèmi ń bẹ̀rẹ̀, mo lè má dìde ńbẹ̀ títí aago méjì òru. Ṣé ọ̀sán ni kí n wá fi sùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú mọ̀ pé àwọn onítẹ̀wé ló ni àdúgbò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà wà lábẹ́ wíńdò mi gan-an, gbì, gbì, gbì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ wọ́n á tan jẹnẹ́rétọ̀, èéfín ẹ̀ àti òórùn íńkì á jọ máa wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọjọ́ tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí báńkì ò ṣiṣẹ́, tí dátà ò lọ, ọ̀gá mi òyìnbó bi mí pé ṣé mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ yìí. Mo ní wáyà abẹ́ òkun ló já. Ó ní ṣé wáyà kan ṣoṣo lẹ ní ni. Mo ní mẹ́rin ló bàjẹ́ pa pọ̀. Ó rò pé irọ́ ni, àfìgbà tó kà á nínú ìròyìn. Oṣù kẹrin, owó iná Band A, ìyẹn àwa tí wọ́n ní iná wa ń pẹ́ jù lójúmọ́, di náírà 225 fún yúnìtì kan, mítà wá ń sáré bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bàbá onílé wa náà tún wá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ ọmọ Yahoo nínú ilé òun, torí pé ó ń rí iná yàrá mi lóru. Mo fi lẹ́tà iṣẹ́ hàn án, ó ní gbogbo wọn ló ń ní lẹ́tà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ńkọ́? Látìgbà tí dọ́là ti kọjá 1,500 náírà ni wọ́n ti ń bá mi ṣírò owó mi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ìyàwó mi. Ó ní kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n lọ wá iṣẹ́ ọ̀sán sí Island. Iṣẹ́ tí wọn ò ní san ìdá mẹ́ta ohun tí mò ń gbà! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kó ẹrù, ó pọn ọmọ, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Ìkòròdú. Kì í gbé fóònù mi. Tí ìyá ẹ̀ bá gbé e, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé "àna wa, ẹ máa bá kọ̀ǹpútà yín gbé." Iléeṣẹ́ wá ní kí n fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì ọdún tuntun kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé kí n fọwọ́ sí i, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin yìí? Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Mushin:
Obìnrin kì í dédé kó ẹrù. Kí lo ṣe fún un?

Ọmọ Balógun:
Dọ́là! Bọ̀dá, ẹ fọwọ́ sí i kíákíá. Ìyàwó á padà tó bá rí Kérésì. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Balógun, kọ́sítọ́mà wo ló ń fún mi ní dọ́là?

Alàgbà Ojúẹlẹ́gba:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá, òru la máa fi ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi, mo lè máà délé fọ́jọ́ mẹ́ta. Ìyá àwọn ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ rí. Oúnjẹ mi á wà nínú fílásìkì. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Alàgbà, ẹ ní kò sọ̀rọ̀, ṣé ẹ bi í?

Alàgbà Ojúẹlẹ́gba:
Ìyá Ìbejì, fi mí sílẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé, Alàgbà. Ìyá Ìbejì, mi ò ṣe nǹkankan. Mi ò na ìyàwó mi rí, mi ò ní àlè, mi ò mutí. Èmi ni mo san rẹ́ǹtì lódindi. Tí mo bá sọ pé kó fún mi láyè kí n sùn lọ́sàn-án, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Kóòdà Àgbádò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Island lèmi ti ń ṣiṣẹ́. Kí rélùwéè pupa (Red Line) ti ìjọba Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹwàá, aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jáde nílé, ní báyìí mo ń wọ̀ ọ́ ní Àgbádò dé Oyíngbò, mo wá ń wọ mọ́tò dé Island. Mo sì ń délé bá àwọn ọmọ lójú oorun náà. Torí náà ẹ máà rò pé iṣẹ́ ọ̀sán náà rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ṣé on-call wà nínú iṣẹ́ yín? Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n máa ń jí tí nǹkan bá bàjẹ́? Torí míìtìn ìrọ̀lẹ́ ò burú, on-call ló ń tú ilé. Ẹ lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n gbé e kúrò lọ́rùn yín, tàbí kó jẹ́ ọjọ́ tó bá rọ ilé yín lọ́rùn nìkan. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ń sọ ọ́ o, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ Balógun:
Ẹ má sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ o. Kó fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Kí ni ìyàwó ẹ ń ṣe? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Olùbéèrè:
Kóòdà, ẹ ṣé gan-an. On-call wà ńbẹ̀, àwa mẹ́ta là ń pín in, àwọn méjì tó kù wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá ní torí pé aago tiwa yàtọ̀, èmi ló yẹ kí n máa mú ìpín tó pọ̀. Àti pé bàbá onílé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti pe àwọn ọlọ́pàá lóṣù keje, wọ́n tú láptọ́ọ̀pù mi wò, mo fún wọn lówó kí wọ́n tó lọ. Ẹ wo irú ìyà tó ń jẹ èèyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Mo ní kí ni ìyàwó ẹ ń ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì rèé.

Olùbéèrè:
Nọ́ọ̀sì ni. Ọsibítù ìjọba.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Surulérè:
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ṣé ó ń ṣe náìtì? Ọmọ yín tó ọdún mélòó?

Olùbéèrè:
Ó pé ọdún kan lóṣù kẹjọ. Ìyá ẹ̀ gba ìsinmi oṣù mẹ́fà tí ìjọba Èkó máa ń fún wọn, ó padà síbi iṣẹ́ lóṣù kejì, ìgbà tí wọ́n ṣì ń tún afárá Third Mainland ṣe, tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ò jẹ́ kó délé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe náìtì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Surulérè:
Tóun bá wà ní náìtì, tí ẹ̀yin wà lórí míìtìn, ta ni ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ehn-ehn!

Olùbéèrè:
Ọ̀dọ̀ mi ni o. Kó máa sùn ni, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò jìnnà sí tábìlì mi. Àbúrò ìyàwó mi ń wá nígbà míì.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ohun kan ṣẹlẹ̀. Sọ ọ́.

Alàgbà Ojúẹlẹ́gba:
Ìyá yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?

Olùbéèrè:
Ó dáa, mo máa sọ ọ́ kí gbogbo wa lè sinmi. Oṣù tó kọjá ni. Ara ọmọ gbóná díẹ̀, ìyá ẹ̀ fún un lóògùn kó tó lọ, ó ní kí n máa fọwọ́ kàn án. Mo sì fọwọ́ kàn án. Bó ṣe di aago mọ́kànlá alẹ́, sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ wa, dákú, àwọn oníbàárà ò rí owó san, gbogbo wa wà lórí míìtìn, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò. Íyápíìsì wà létí mi méjèèjì torí jẹnẹ́rétọ̀ ìsàlẹ̀. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì ló wá ń lu ilẹ̀kùn, ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tóun ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ, ìgbà tí ẹkún náà dá wáí lẹ̀rù ba òun. Gìrì ló gbé e. A gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ibà ni, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó ti gbádùn, ó ń rìn kiri báyìí. Nígbà tí ìyá ẹ̀ dé láàárọ̀, obìnrin yẹn ló lọ sọ fún un pé mo ní kí òun ṣe sùúrù díẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ sọ fún àwọn tó wà lórí míìtìn pé mò ń bọ̀ ni, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ! Ẹ má wá sọ ọ́ di pé mo fẹ́ pa ọmọ mi.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Kí ló ṣe é tó ò fi sọ èyí látìbẹ̀rẹ̀? O ń sọ ìtàn wáyà abẹ́ òkun fún wa! O ń sọ ti mítà!

Ọmọ Balógun:
Háà. Bọ̀dá. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà o.

Ìyá Alágbo Oyíngbò:
Gìrì ò le. Àgbo wà fún un, mo lè fi mọ́tò gbé e wá. Bó bá tún gbé e, kẹ́ ẹ tètè ki ṣíbí sí i lẹ́nu kó má bàa ge ahọ́n jẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Surulérè:
Mo bẹ yín nítorí Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ṣíbí sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ lè kán an léyín, tàbí kẹ́ ẹ dí i léèémí. Àgbo náà, ìtọ̀ màlúù, kẹ́ ẹ máa ki ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná, gbogbo ẹ̀ ló ń pọmọ ju gìrì lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ibà sábà máa ń fa irú gìrì yìí fún. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fi ẹ̀gbẹ́ ara dùbúlẹ̀, ẹ tú aṣọ lọ́rùn ẹ̀, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu, ẹ máa wo aago. Púpọ̀ nínú wọn kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé e lọ, tí ò bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún ibà.

Ìyá Alágbo Oyíngbò:
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kàn ń ba ọjà èèyàn jẹ́ ni. Ta ló ń tọ́jú yín kẹ́ ẹ tó mọ abẹ́rẹ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Surulérè:
Ìyá mi, mi ò bá yín jà. Ẹ má fi ṣíbí sí i ni mo wí. Bọ̀dá, ẹ gbọ́ mi. Ìyàwó yín nọ́ọ̀sì ni, alẹ́ alẹ́ ló ń tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn, ó wá délé wá gbọ́ ohun tó gbọ́ yẹn. Kì í ṣe torí aago San Francisco ló ṣe lọ.

Olùbéèrè:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa san owó inverter? Ẹ̀yin ò rí bí nǹkan ṣe wọ́n tó ni?

Kóòdà Àgbádò:
Owó inverter kẹ̀? Mo rò pé ẹ ti san án. Ẹ̀yin ló rà á àbí?

Olùbéèrè:
Ìyàwó mi ló yá owó ní kọ́pọ́rétíìfù wọn lóṣù kìíní, láti fi ra inverter, bátìrì àti láptọ́ọ̀pù. Mo fẹ́ máa dá a padà fún un. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀. Ó kù bí oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ó gba dọ́là, owó nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yọ. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Olùbéèrè:
Èmi ni mo ń san rẹ́ǹtì! Èmi ni mo ń ra oúnjẹ! Ẹ̀yin ò gbé pẹ̀lú wa.

Alàgbà Ojúẹlẹ́gba:
Ọmọ mi, gbọ́. Mo gbèjà ẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti yí. Ẹnìkan kì í fi fóònù bẹ ìyàwó tó ti dé ilé ìyá ẹ̀. Ní ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin tàbí àǹtí ẹ àgbà dání, kẹ́ ẹ lọ Ìkòròdú, kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kó o sì dá owó kọ́pọ́rétíìfù yẹn padà kó o tó débẹ̀, má gbé ẹnu dání lásán. Ìgbà tí mo wà ní wọ́ọ̀fù, ìyá mi gan-an ló ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ò ní dá wà. Mo gbàgbé láti sọ ìyẹn.

Kóòdà Àgbádò:
Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ẹtì ò tíì dé. Ẹ kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí pé kí wọ́n yọ yín kúrò nínú on-call alẹ́ tí ìyàwó yín bá wà ní náìtì. Rósítà ìyàwó yín wà, ẹ fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ irú iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ wà. Ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí kí àbúrò ìyàwó yín máa sùn ńbẹ̀, ẹ máa fún un lówó.

Olùbéèrè:
Mo ti fọwọ́ sí i.

Kóòdà Àgbádò:
Ìgbà wo?

Olùbéèrè:
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí. Wọ́n fi owó kún un, mi ò lè sọ pé kí wọ́n dúró.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ta lo wá ń bi léèrè nígbà náà? O ní "ṣé kí n fọwọ́ sí i"!

Olùbéèrè:
Bó ṣe máa padà wálé ni mò ń béèrè. Ẹ̀yin ni ẹ ò ka ohun tí mo kọ dáadáa. Mo ti gbọ́ ti Alàgbà. Àǹtí mi àgbà ní Bàrígà ti gbà, a máa lọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Owó kọ́pọ́rétíìfù yẹn, mo máa fi ránṣẹ́ sí akáǹtì ẹ̀ lọ́la.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Surulérè:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn lórí ìṣẹ́jú kan yẹn o. Tó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹ ní mẹ́wàá ni.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Má sì gbé láptọ́ọ̀pù dání lọ Ìkòròdú.

Olùbéèrè:
Èmi ni mo wà lórí on-call lọ́jọ́ Àìkú.